Orí Kẹfà: Ọkàn Tí Ẹ̀rọ Kì Í Kà

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ń gbé ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo kó pọ̀ sínú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó wà ní ọdún kẹta ní Yunifásítì Port Harcourt, ó sì gba yàrá kan ní lọ́ọ̀jì bíi ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí àyè nínú ọgbà. Aago méjì òru ti lù. Ìwé wà níwájú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Lójijì, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Àyà rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀já dì pinpin. Ìka rẹ̀ ń ta á, ètè rẹ̀ ń kú, òòyì ń kọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí i lórí ni pé òun ń kú lọ. Àwọn ará yàrá kejì gbé e sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n dorí kọ ilé ìwòsàn.

Wọ́n wọn BP rẹ̀. Wọ́n lẹ okùn mọ́ àyà rẹ̀, ẹ̀rọ ya lílù ọkàn rẹ̀ sórí bébà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò àyà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà tí oorun ń kùn ka gbogbo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: «Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ọ́.» Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ọjọ́ kẹta, nǹkan náà tún dé. Ó pe màmá rẹ̀ lórí fóònù.

«Mọ́mì, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan.»

«Wọn ò rí nǹkan kan? Kí ló wá ń ṣe ọ́ báyìí? Ọmọ mi, kì í ṣe ojú lásán o.»

Orí ìwé yìí dá lórí àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ dókítà yẹn àti ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. Inú àlàfo náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣubú sí. Àwọn kan á máa lọ láti ilé àyẹ̀wò kan sí òmíràn títí owó ilé ẹ̀kọ́ á fi tán. Àwọn kan á di èrò orí òkè àdúrà. Àwọn kan kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí ìwé sọ pé ara rẹ̀ dá, tó ṣì ń sọ pé ara ń ni òun, á dà bí òpùrọ́.

Dókítà náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀. Ìbéèrè ni àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, ohun tí a bi í nìkan ló sì ń dáhùn. ECG, ẹ̀rọ tó ya lílù ọkàn rẹ̀ yẹn, ń dáhùn bóyá iná tó ń darí lílù ọkàn ń lọ létòlétò, bóyá ẹran ọkàn ti fara pa. Fọ́tò àyà ń dáhùn bóyá nǹkan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ ń dáhùn bóyá ó tó, bóyá àìsàn wọ inú rẹ̀. Kò sí èyí tí a bi nínú wọn pé, «Ṣé àyà ń le mọ́ ọmọ yìí lóòótọ́?» Àyà ń le mọ́ ọn. Ìdáhùn ìyẹn kò sí nínú ìwé rárá, nítorí náà ìwé kò lè sọ pé irọ́ ni.

Èdè wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọkàn ni a ń pe ohun tó ń lù nínú àyà, ọkàn náà ni a ń pe ibi tí èrò àti ìmọ̀lára ń gbé. Bí ẹ̀rù bá bà wá, a ní àyà wa já. Ẹni tí ojora mú á ní ẹ̀dọ̀ òun fò, orí òun wú. Ẹni tí ìdààmú bá á ní ọkàn òun kò balẹ̀, bí ẹni pé ẹyẹ ni ọkàn tí kò tíì rí ẹ̀ka bà lé. Ní Port Harcourt níbẹ̀, ẹni tó ń sọ Píjìn á ní «my heart cut», tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ «àyà mi já» gẹ́lẹ́. Àwọn tó dá èdè wọ̀nyí sílẹ̀ kò rí ECG rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé inú ara ni ìbẹ̀rù ń gbé. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ń ka ọkàn àkọ́kọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ka èkejì.

Àwọn oníṣègùn òyìnbó pẹ́ kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1871, dókítà Jacob Mendes Da Costa ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa nǹkan bí 300 ọmọ ogun tí ó yẹ̀ wò nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ wọn. Ọkàn àwọn wọ̀nyí ń sáré, àyà ń dùn wọ́n, èémí wọn kì í délẹ̀, òòyì ń kọ́ wọn. Ó gbé etí lé àyà wọn títí, kò rí àrùn tó lè fà á. Síbẹ̀ ó rò pé inú ọkàn tó ń lù ni àléébù wà, ó sì fún un ní orúkọ àrùn ọkàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tún ní irú rẹ̀. Ó di ọdún 1941, àádọ́rin ọdún gbáko lẹ́yìn Da Costa, kí Paul Wood, onímọ̀ nípa ọkàn ní Lọ́ńdọ̀nù, tó là á mọ́lẹ̀ pé ìbẹ̀rù ni orísun rẹ̀, àti pé sísọ fún ọmọ ogun pé ọkàn rẹ̀ kò dára tún ń bu epo sí iná ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ìwé. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà: orí wọn ń gbóná bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀, nǹkan ń rìn wọ́n lórí bí èèrà, ojú ń ṣú wọn, ohun tí wọ́n kà kò dúró. Wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù fún ọpọlọ wọn. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì lo orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é, «brain fag». Olúfẹ́mi Mórákínyọ̀ tún wá wo ọ̀rọ̀ náà ní 1980, ó sì tọ́ka sí ìlépa àṣeyọrí tí ẹbí gbé lé ọmọ lórí, àìsùn, àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ láti lé oorun lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ó tọ́ kí ó ní orúkọ tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn rí i pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ló wọ aṣọ míì. Èmi gba tiwọn. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí a fi ojú tín-ín-rín wo ooru orí yẹn. Ní 1982, Peter Ebigbo ní Enugu to ìbéèrè 65 jọ láti fi mọ ẹni tí ìdààmú ọkàn ń bá jà ní Nàìjíríà, gbogbo rẹ̀ ló sì dá lórí ohun tí ara ń ṣe. Ó mọ̀ pé bí o bá bi ará ilé wa pé «Ṣé inú rẹ kò dùn?», á ní dáadáa ni. Bí o bá bi í pé «Ṣé orí ń gbóná ọ?», á jókòó, á sì sọ̀rọ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an? Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹran kékeré kan wà tó dé e bíi fìlà. Bí ọpọlọ bá rí ewu, tàbí tó rò pé òun rí i, á ránṣẹ́ sí i, adrenaline á sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn tó sábà máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan á sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé ẹsẹ̀ tí a ó fi sá. Ẹran àyà àti ti ọrùn á fún. Iṣẹ́ ikùn á dàrú, ìdí nìyẹn tí inú fi ń ru, tí ìgbẹ́ fi ń gbọ̀n wá. Èémí á yára. Bí èémí bá yára tí a kò sì sáré lọ síbì kankan, carbon dioxide tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á dín kù. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á fún díẹ̀, òòyì á bẹ̀rẹ̀. Calcium inú ẹ̀jẹ̀ á yí ipò padà, ìka àti agbègbè ẹnu á máa ta. Gbogbo ohun tí ọmọbìnrin wa kà sí àmì ikú ní aago méjì òru yẹn, iṣẹ́ ara tó dá ṣáṣá ni. Ẹ rò ó bí ajá ilé tó ń gbó ewúrẹ́. Kò sí àìsàn tó ń ṣe ajá náà, bẹ́ẹ̀ ni etí wa kò sì tàn wá jẹ pé a ń gbọ́ gbígbó. Olè nìkan ni kò sí.

Ohun tó mú kí ó máa padà wá ni pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ń fetí sí ọkàn rẹ̀ tọ̀sán-tòru á gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kì í gbọ́. Ọkàn tó dá a máa ń fo ìlù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rárá. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á gbọ́ ọ, ẹ̀rù á bà á, adrenaline á tú, ọkàn á sáré, ẹ̀rù á pọ̀ sí i. David Clark ní Oxford ṣàlàyé àyípo yìí ní 1986, ìtọ́jú tó sì ń ṣiṣẹ́ jù lórí rẹ̀ títí di òní, ibi tí àyípo náà ti so kọ́ ara ni ó ń já.

Nǹkan kan wà nílẹ̀ Port Harcourt tó mú kí ó ṣòro láti má ṣọ́ ara ẹni. Láti òpin ọdún 2016 ni èérí dúdú ti ń bọ́ láti ojú ọ̀run sórí ìlú náà. Àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú yàrá wọn, àtẹ́lẹsẹ̀ á dúdú. Wọ́n ń nu imú, aṣọ ìnujú á dúdú. Epo tí wọ́n ń fọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nínú igbó wà lára ohun tó ń fà á. Ẹni tó bá rí èyí tí kò bẹ̀rù fún àyà rẹ̀ kò mọ ohun tó ń lọ ni. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ará Aluu pé kó má ṣe àníyàn nípa èémí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé fọ́tò àyà tó dára jẹ́ ẹ̀rí gidi fún un lórí ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ lónìí, ó sì yẹ kó lò ó bí ẹ̀rí.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè kọ orúkọ Aluu kí n má rántí 5 October 2012, nígbà tí èrò pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà mẹ́rin níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn olè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí ṣì kéré nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìlú máa ń rántí, ara máa ń gbọ́ ìtàn. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń pè lálaalẹ́ láti bi í bóyá ó ti ti ilẹ̀kùn ti gba ìwé àṣẹ ìbẹ̀rù kí ó tó sùn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ìyá: kì í ṣe ojú lásán. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ dára tí ara kò sì balẹ̀ á rò pé àwọn dókítà fo nǹkan kan ni. Lọ́dọ̀ wa, ìwé tó mọ́ gan-an ló máa ń di ẹ̀rí pé ayé ló wà nídìí rẹ̀: òyìnbó wò ó, kò rí i, a jẹ́ pé ohun tí òyìnbó kò lè rí ni. Ìbẹ̀rù tuntun ti wọlé nìyẹn, èyí tó ju ti àìsàn lọ, nítorí ó ní orúkọ ènìyàn nínú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Thomas Adéoyè Lambo, tó dá ètò abúlé Aro sílẹ̀ ní 1954, tí aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ láàárín ìlú nígbà tí ó ń gba ìtọ́jú, bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, kò sì kẹ́gàn wọn. Àdúrà tó ń fi ọkàn balẹ̀, kí a máa gbà á. Èyí tó ń tọ́ka sí àbúrò bàbá pé òun ló ta ọfà, ọkàn ẹni náà kò ní balẹ̀ láéláé lẹ́yìn rẹ̀, ilé á sì tú.

Ọ̀nà kejì tí àwa ń gbà sá fún ọ̀rọ̀ yìí ni ibà àti táífọ́ọ̀dù. Ara gbóná díẹ̀, orí ń fọ́, ó di kẹ́míìsì. Wọ́n á ta ẹ̀jẹ̀ sí Widal, wọ́n á ní «táífọ́ọ̀dù díẹ̀ wà.» Àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ pé ènìyàn ní táífọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ tí kòkòrò náà wọ́pọ̀, nítorí àmì àtijọ́ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn èsì yẹn: ó fún wọn ní orúkọ àti abẹ́rẹ́. Ó sàn fún wọn ju «kò sí nǹkan kan» lọ.

Ohun tó yẹ kí ilé ìwòsàn fún wọn nìyí. Ní Auckland, Keith Petrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2007 lórí ènìyàn 92 tí àyà ń dùn, tí wọ́n fẹ́ lọ sáré lórí ẹ̀rọ kí wọ́n lè yẹ ọkàn wọn wò. Àwọn kan lọ báyẹn. Àwọn kan ni a jókòó tì ṣáájú, a ṣàlàyé fún wọn ohun tí èsì tó dára túmọ̀ sí àti ohun mìíràn tó lè mú àyà dùn. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn àwọn tí a ṣàlàyé fún balẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì jọ pé oògùn ọkàn tí wọ́n ń lò kéré. Ẹ̀rọ kan náà, èsì kan náà. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ní 2013, Alexandra Rolfe àti Christopher Burton kó ìwádìí 14 jọ, ènìyàn 3,828 nínú wọn, wọ́n rí i pé àyẹ̀wò lásán fún ẹni tí àìsàn ńlá kò jọ pé ó ń ṣe kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú àníyàn rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó oúnjẹ san àyẹ̀wò karùn-ún, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Nígbà tí ìgbì ìbẹ̀rù náà bá dé, ẹ má sá. Ó sábà máa ń dé téńté rẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á máa lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ara kò lè máa tú adrenaline bẹ́ẹ̀ títí. Àwọn tó bá wà lọ́dọ̀ yín á máa ké pé «Mí kanlẹ̀! Mí kanlẹ̀!» Wọ́n fẹ́ràn yín ni, ṣùgbọ́n gbígbé afẹ́fẹ́ ńláńlá mì á tún lé carbon dioxide jáde sí i, òòyì á pọ̀. Ẹ pa ẹnu dé. Ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ ka ẹní, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kí ikùn wú ju àyà lọ. Ẹ tú u jáde títí ẹ ó fi ka ẹ̀fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ nígbà tí ara dá, nínú ọkọ̀, níbi tí ẹ ti ń dúró de kẹ̀kẹ́, nítorí ẹni tí kò kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà ẹ̀rùn kò lè kọ́ ọ lọ́jọ́ tí odò kún.

Èyí tó le jù ni kí a jáwọ́ nínú ìṣọ́. Ìka tó ń lọ sí ọrùn láti ka ìlù ọkàn, BP tí a ń wọ̀n ní gbogbo ìdí igi tí wọ́n bá gbé tábìlì sí, fóònù tí a ń bi ní òru pé «kí ló ń fa kí àyà le», gbogbo rẹ̀ ń tù wá lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń sọ fún ọpọlọ pé ewu wà lóòótọ́. Kò ní tán lọ́jọ́ kan. Ẹ sún un síwájú: bí ó bá ń wù yín láti wọn BP, ẹ ní ó di ọ̀sán. Bí ọ̀sán bá tó, ó ṣeé ṣe kí ó ti lọ. Dókítà kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, tó mọ ìtàn yín, kí ẹ sì kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò sí ojú kan fún un.

Ẹ jẹ́ kí ọkàn lù fún ìdí rere. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀rù ọkàn ń bà ti jáwọ́ nínú eré sísá, kódà nínú gígun àtẹ̀gùn. Bí dókítà bá ti sọ pé ọkàn dá, ẹ máa yára rìn, díẹ̀díẹ̀, kí ara tún kọ́ pé ọkàn lè sáré kí ó sì padà bọ̀ sípò láìsí ikú nínú rẹ̀. Obì tí ẹ ń jẹ láti fi kàwé mọ́jú ní caffeine nínú bíi ti kọfí àti àwọn ohun mímu inú agolo tó ń lé oorun lọ. Ó ń ta ọkàn jí. Lexotan àti Valium tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà máa ń mú ara rọ̀ lóòótọ́, ara sì máa ń tètè bá a mọwọ́ débi pé àìrí i á di àìsàn tuntun.

Bí gbogbo èyí kò bá tó, ẹ béèrè fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, tí a fi ń tú èrò àti ìwà ìṣọ́ náà palẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Tyrer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára ènìyàn 444 tí àníyàn àìsàn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi ní ilé ìwòsàn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn tó gbà á ṣì sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Kò pọn dandan kí ẹ rin ìrìn àjò fún un. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Port Harcourt ní Alakahia kò jìnnà sí Aluu, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà ní Rumuigbo. Mo mọ̀ pé orúkọ Rumuigbo ń dẹ́rù ba ènìyàn, pé ẹni tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n á máa pè ní wèrè. Àníyàn kì í ṣe wèrè, kì í sì í di wèrè.

Ẹ̀rí àyẹ̀wò ní ọjọ́ orí tirẹ̀ ṣá o. Bí àyà bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ agbára tí ó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá sinmi, bí ó bá ń ràn lọ sí apá tàbí párì, bí ẹ bá dákú, bí ẹ bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, bí ẹ bá ń rù láìmọ ìdí, bí apá kan ara bá rọ, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti kú lójijì ní kékeré, ẹ sọ fún dókítà. Kí ó sì rí i dájú pé wọ́n ti wo bóyá ẹ̀jẹ̀ tó àti bóyá ẹran ọ̀fun tí ń fa gẹ̀gẹ̀ kò ṣiṣẹ́ jù, nítorí méjèèjì lè mú ọkàn sáré. Bí èrò pé kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín bá wá, ẹ má ṣe dá gbé e. Ẹ sọ fún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì fún yín ní ìwé tó mọ́, tí dókítà ní kò sí nǹkan kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde. Ẹ bi í pé, «Dókítà, ẹ ṣeun. Kí ló wá dé tí ara mi fi ń ṣe báyìí?» Kí ẹ jókòó títí ẹ ó fi gbọ́ ìdáhùn.